Ìwọ̀n Tí Ara Lè Gbé: Ìbẹ̀rẹ̀ Ìtàn Ẹ̀rọ Ìdárayá

 

Ọ̀rọ̀ irin ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá wọ jíìmù kan ní Bódìjà tàbí ní Ìkẹjà lónìí, ọ̀dọ́ ni ojú yín yóò kọ́kọ́ bá: ọmọkùnrin tí igbá àyà rẹ̀ le bí ògiri, ọmọbìnrin tó ń sáré lójú kan tí òógùn ń ro tótótó lára rẹ̀. Ẹni tó bá wò wọ́n yóò rò pé torí alágbára ni wọ́n ṣe rọ àwọn ẹ̀rọ yẹn. Aláìsàn ni wọ́n rọ ọ̀pọ̀ wọn fún. Àgbà tí kò lè gun ẹṣin mọ́, ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ṣẹ́ lápá, ológun tó ti ojú ogun bọ̀ tí orúnkún rẹ̀ kò ká mọ́: àwọn wọ̀nyí ló kọ́kọ́ jókòó sórí wọn. Àwọn alágbára wá jogún wọn ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ tọ ipa rẹ̀ nínú ìtàn yìí ni ìwọ̀n. Irin kan náà tí wọ́n fi wo ènìyàn sàn ni wọ́n fi jẹ ènìyàn níyà, nígbà mìíràn láàárín ìran kan ṣoṣo. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí mo rí nígbà tí mo wádìí rẹ̀ ni pé níbi tí wọ́n bá ti ń wọn irin mọ ara, ìwòsàn ni. Níbi tí wọ́n bá ti ń wọn ara mọ irin, ìyà ni.

Ẹṣin tí kì í jẹ koríko

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, ẹṣin gígùn wà lára oògùn. Thomas Sydenham, dókítà ńlá tó kú ní 1689, gbà á gbọ́ débi pé ó ń júwe rẹ̀ fún àwọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá fínra. Ní 1705, Francis Fuller tẹ ìwé kan jáde, Medicina Gymnastica, tó fi ń kọ́ àwọn ènìyàn pé ìdárayá, pàápàá ẹṣin gígùn, lè wo àìsàn tí egbòogi kò ràn. Ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Bí ẹṣin bá ń rìn, ó ń mi ikùn, ó ń mi àyà, ọ̀pá ẹ̀yìn ẹni tó gùn ún á sì máa wá ìdúró ní gbogbo ìgbà, bẹ́ẹ̀ ẹni náà kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ìgbésẹ̀ kan.

Ṣùgbọ́n ẹṣin ń jẹun. Ó ń fẹ́ ilé, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, òtútù àti òjò ilẹ̀ náà kò sì jẹ́ kí aláìsàn lè máa jáde lójoojúmọ́. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1740, oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Henry Marsh, ti ń polówó àga kan tí wọ́n ń pè ní ẹṣin inú yàrá. Ẹ fojú inú wò ó: àga onígi tó ní apá méjì tí ènìyàn lè dì mú. Ìjókòó rẹ̀ ga, awọ ni wọ́n fi bò ó yíká bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Nínú awọ náà ni pákó pẹlẹbẹ àti sípíríìnì onírin wà ní ìpele ìpele. Ẹni tó bá jókòó sí i, tó ń fi ara rẹ̀ sókè sódò, á máa mì bí ẹni tó wà lórí ẹṣin, afẹ́fẹ́ á sì máa ti inú awọ jáde, fù, fù.

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. John Wesley, olùdásílẹ̀ ìjọ yín, ní irú àga yìí. Ilé tó gbé ní City Road ní Lọ́ńdọ̀nù títí ó fi kú ní 1791 ti di ibi tí àwọn àlejò ń wò, ẹṣin inú yàrá sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹni tó gun ẹṣin káàkiri Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí ìwàásù mọ ohun tí ẹṣin ń ṣe fún ara. Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, kò fẹ́ kí ara náà dákẹ́. Ó ti kọ ìwé ìtọ́jú ara kan ní 1747, Primitive Physic, fún àwọn mẹ̀kúnnù tí kò lówó dókítà, ó sì gbà wọ́n níyànjú níbẹ̀ láti máa rìn. Nígbà tí Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, Wesley ti kú láti ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Orúkọ rẹ̀ ti di orúkọ ilé ìwé àti ilé ìjọsìn láàárín wa, ṣùgbọ́n apá yìí nínú ayé rẹ̀, apá ẹni tó ń káàánú ara tálákà, a kì í sábà sọ ọ́, ó sì yẹ kí a máa sọ ọ́.

Kí n tó kúrò ní sáà yẹn, mo gbọ́dọ̀ dárúkọ Francis Lowndes. Ẹni tó ń fi iná mànàmáná wo àìsàn ni, ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà. Ní 1796 ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ tó pè ní Gymnasticon. Férémù tó dúró ṣánṣán ni. Ẹsẹ̀ ń tẹ pátákó méjì nísàlẹ̀ bí ẹni ń fi ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ránṣọ, ọwọ́ ń yí irin lókè, kẹ̀kẹ́ sì so ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, ẹ tẹ́tí sí ibẹ̀ yẹn dáadáa. Bí kẹ̀kẹ́ bá so wọ́n pọ̀, ọwọ́ tó yá á máa wa ẹsẹ̀ tó kú lọ, ẹsẹ̀ náà á máa rìn bí kò tilẹ̀ lágbára tirẹ̀. Ó ti lé ní igba ọdún tí ẹnìkan ti ro èyí, a ṣì ń lo irú rẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù wa.

Kẹ̀kẹ́ tó ń lọ afẹ́fẹ́

Ibí yìí ni ìtàn náà ti ṣókùnkùn. Ní 1818, William Cubitt, onímọ̀ ẹ̀rọ láti ìlú Ipswich, ṣe kẹ̀kẹ́ ńlá kan fún ọgbà ẹ̀wọ̀n Bury St Edmunds. Ẹ ronú nípa àgbá gbọọrọ kan tó dùbúlẹ̀, tí wọ́n kan àtẹ̀gùn yí gbogbo ara rẹ̀ ká. Ẹlẹ́wọ̀n á di igi kan mú lókè, á gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ á yí, àtẹ̀gùn á sá kúrò lábẹ́ rẹ̀, àfi kó yára gbé ẹsẹ̀ kejì lé èyí tó ń bọ̀. Ó ń gun òkè láti àárọ̀, kò sì kúrò lójú kan. Ní 1821 wọ́n gbé irú rẹ̀ sí Brixton ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ibẹ̀ ó tàn káàkiri. Níbòmíràn kẹ̀kẹ́ náà ń lọ ọkà tàbí kó máa fa omi. Níbòmíràn kò lọ ohunkóhun. Afẹ́fẹ́ ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń lọ fún wákàtí pípẹ́, iṣẹ́ tí kò ní èso kankan yàtọ̀ sí àárẹ̀ wọn.

Ẹ fi ojú onímọ̀ fisiotẹ́rápì wò ó. Gígun àtẹ̀gùn dára. Ó ń fún itan lágbára, ó ń kọ́ ọkàn bí a ti í ṣiṣẹ́. Èmi náà máa ń ní kí aláìsàn mi gun àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n lórí kẹ̀kẹ́ Cubitt, kò sẹ́ni tó béèrè bí ọkàn ẹni tó ń gùn ún ti ń lù. Arúgbó ni o, ọ̀dọ́ ni o, ẹni tí inú ń run ni o, ìṣísẹ̀ kan náà ni kẹ̀kẹ́ ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn. Oscar Wilde, òǹkọ̀wé olókìkí nì, wà lára àwọn tí wọ́n gbé gùn ún nígbà tí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní 1895.

Wọ́n sì gbé e sọdá òkun lọ bá àwọn ènìyàn wa. Ní Jàmáíkà, òfin sọ pé oko ẹrú ti dópin ní 1834, síbẹ̀ wọ́n sọ àwọn ẹrú àná di ọmọ iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ fi oko olówó wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ nínú wọn, àtọkùnrin àtobìnrin, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ń lọ, orí kẹ̀kẹ́. James Williams, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn, ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1837. Wọ́n á so ọrùn ọwọ́ wọn mọ́ igi òkè. Ẹni tí ó bá rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀, á so rọ̀ níbẹ̀, àtẹ̀gùn á máa gbá ojúgun rẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ ti ń yí, ẹgba á sì máa bọ̀ lẹ́yìn. Ìwé yẹn wà lára ohun tó ru àwọn ènìyàn sókè ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1838 ètò náà kógbá wọlé. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ó di 1898 kí òfin tó ká kẹ̀kẹ́ yìí kúrò nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nígbàkúùgbà tí mo bá gun tírẹ́dímíìlì, ẹ̀rọ ìsáré lójú kan tó jogún orúkọ kẹ̀kẹ́ yìí, àwọn ojúgun wọ̀nyẹn ni mo máa ń rántí.

Ẹ jẹ́ kí n fo ọdún púpọ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè rí bí ohun tó sọnù ti padà. Ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, dókítà ọkàn kan wà tó ń jẹ́ Robert Bruce. Ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi mọ bí ọkàn aláìsàn ṣe ń ṣe nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, torí ọkàn tó ń sinmi lè fi àárẹ̀ rẹ̀ pamọ́. Ó gbé aláìsàn gun tírẹ́dímíìlì, ó lẹ wáyà mọ́ ọn láyà kí ẹ̀rọ lè máa ya bí ọkàn ṣe ń lù. Ètò tó gbé kalẹ̀ ní 1963 la ṣì ń tẹ̀ lé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìrìn pẹ̀lẹ́ ni, máìlì kan àti díẹ̀ sí méjì láàárín wákàtí. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta ni ìyára àti ìdagun ń fi díẹ̀ pọ̀ sí i. Nígbà tí aláìsàn bá ní ó tó, tàbí tí dókítà bá rí ohun tí kò dára nínú ìwé, ẹ̀rọ dúró. Ohun tí Cubitt fi ń fa agbára jáde lára ènìyàn ni Bruce fi ń tẹ́tí sí ara ènìyàn.

Dókítà Zander

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn wàyí, torí ọkùnrin tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí ṣì ń bọ̀, ọmọ Stockholm, olú ìlú Sweden.

Ìlú yẹn ti ní baba kan nínú iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Pehr Henrik Ling, tí wọ́n bí ní 1776, jẹ́ akéwì, ó sì ń kọ́ àwọn ènìyàn ní idà jíjà. Ó ṣàkíyèsí pé idà tó ń jù ń tú apá rẹ̀ tó ti ń dùn ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí ìṣípòpadà lè ṣe fún ara. Ní 1813 ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìdárayá sílẹ̀ ní Stockholm lábẹ́ àṣẹ ọba. Lára ohun tó fi kọ́ni ni ìdárayá ìwòsàn: aláìsàn á gbé apá, olùtọ́jú á fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí i lọ́nà díẹ̀, kí iṣan lè ní ohun tí yóò bá jà. Gbogbo àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọmọ Ling ni wá, bí a mọ̀ ọ́n bí a kò mọ̀ ọ́n. Ó kú ní 1839.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Gustav Zander nígbà náà. Nígbà tó dàgbà, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìdárayá ti Ling ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń darí ní agbègbè Halland. Ìṣòro tó bá a níbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọmọ pọ̀, ọwọ́ kò tó. Bí olùtọ́jú bá ti fi ọwọ́ dí apá aláìsàn mẹ́sàn-án lọ́nà, ọwọ́ tó kan ẹnì kẹwàá kì í ṣe ọwọ́ tó kan ẹnì kìíní mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni olùtọ́jú kò lè sọ iye agbára tó lò lánàá kó fi díẹ̀ lé e lónìí. Ó lè rò ó. Kò lè kà á. Zander bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi àti irin ṣe ohun tí yóò dúró ní ipò ọwọ́ náà. Ó wá lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ní 1865 ó ṣí ilé ìtọ́jú rẹ̀ ní Stockholm pẹ̀lú ẹ̀rọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mú lọ sílé. Gbogbo wa la mọ jáńgílọ́fà tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, tí ọ̀kan ń lọ sókè tí èkejì ń bọ̀ nílẹ̀. Bí ọmọ kan bá sún mọ́ àárín, ó fúyẹ́ fún ẹnìkejì rẹ̀ láti gbé sókè. Bó bá sún sẹ́yìn dé ìdí, ó wúwo, bẹ́ẹ̀ ọmọ kan náà ni. Ohun tí Zander ṣe nìyẹn. Ọ̀pá irin kan wà lára ẹ̀rọ rẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwúwo irin kan ń rìn lórí rẹ̀. Wọ́n á sún un sí nọ́ńbà méjì fún ìyá arúgbó, sí mẹ́sàn-án fún ọ̀dọ́kùnrin. Lọ́la, bí ara ìyá bá gbà á, wọ́n á sún un sí méjì ààbọ̀.

Ó tún ṣe ohun kan tó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ẹ na apá yín tààrà kí ẹ gbé kóróbá omi, lẹ́yìn náà kí ẹ ká ìgbọ̀nwọ́. Kóróbá kò yí padà, ṣùgbọ́n agbára tí iṣan ní ń yí padà bí oríkèé ti ń ká. Zander ka èyí sí. Ó to ọ̀pá rẹ̀ lọ́nà tí ìwúwo rẹ̀ yóò fi máa dínkù níbi tí iṣan ti rẹlẹ̀, tí yóò máa pọ̀ níbi tí iṣan ti lágbára. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún kí Arthur Jones ní Amẹ́ríkà tó gbé ẹ̀rọ Nautilus jáde ní 1970, tí gbogbo jíìmù ń fi ọgbọ́n kan náà yangàn.

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà àti nọ́ńbà. A ni ti apá, B ni ti ẹsẹ̀, C ni ti ara àárín. Ẹni tó bá wá á gba ìwé ìtọ́jú, bí a ti ń gba ìwé oògùn: ẹ̀rọ báyìí, nọ́ńbà báyìí, ẹ̀ẹ̀mélòó. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà fún ẹni tí kò ní agbára kankan. Ooru omi gbígbóná ló ń wà wọ́n, bíi ti ọkọ̀ ojú irin àtijọ́: èyí ń ra ikùn, èyí ń fi àtẹ́lẹwọ́ onítìmùtìmù lu ẹ̀yìn, èyí ń mi ènìyàn bí ẹni tó jókòó sórí ẹṣin. Ìran ẹṣin inú yàrá Wesley kò tí ì kú. Nínú fọ́tò tó kù láti ìgbà náà, ẹ óò rí obìnrin nínú aṣọ tó wọ́ nílẹ̀ àti ọkùnrin tó de táì, tí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ sínú irin ńlá, tí ojú wọn sì balẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń làágùn. Ìwọ̀n wọn ni wọ́n ń gbé.

Àwọn ọmọlẹ́yìn Ling kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní irin kò lè gbọ́ ìrora, pé ọwọ́ ènìyàn nìkan ló mọ ìgbà tí aláìsàn ń fara dà á àti ìgbà tó ń purọ́ pé kò dùn òun. Mo ti gbé àríyànjiyàn yìí yẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ọwọ́. Síbẹ̀ Zander ló fún wa ní nọ́ńbà, nọ́ńbà ló sì jẹ́ kí aláìsàn tálákà tí olùtọ́jú rẹ̀ yí padà lóṣooṣù lè bá ìtọ́jú rẹ̀ lọ láìbẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bí mo bá ní láti yan ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa dúró.

Ní 1876 ó gbé àwọn ẹ̀rọ náà lọ síbi ìpàtẹ àgbáyé ní Philadelphia. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n ti wà ní Soho Square ní Lọ́ńdọ̀nù, ní àwọn ìlú Jámánì bíi Hamburg àti Baden-Baden, ní Essentuki ní Rọ́ṣíà. Ní Hot Springs, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, wọ́n kó wọn sí ilé ìwẹ̀ Fordyce tí wọ́n ṣí ní 1915. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lónìí á rí díẹ̀ nínú wọn. Dudley Sargent ṣe irú tirẹ̀ ní yunifásítì Harvard láti 1879. Ọkùnrin náà ti bá wọn ṣeré sákọ́ọ̀sì rí kó tó di dókítà. Ó ń fi tépù wọn ara akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kó tó yan okùn àti ìwúwo tó bá a mu. Ọkọ̀ ojú omi Titanic pàápàá ní yàrá ìdárayá tó ní ẹṣin àti ràkúnmí oníná mànàmáná tí ilé iṣẹ́ kan ní Wiesbaden ṣe. Olùkọ́ ibẹ̀, T. W. McCawley, bá ọkọ̀ náà lọ ní April 1912. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé ẹ̀rọ náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ aláìsàn, tó ń di ìgbádùn olówó.

Ṣùgbọ́n Jámánì ni ọ̀rọ̀ ti wúwo jù. Ní 1884 ìjọba Bismarck ṣòfin adójútòfò fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin rere ni, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wò ó kọ́ṣe. Òṣìṣẹ́ tí apá rẹ̀ ṣẹ́ ń gba owó títí yóò fi lè ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń san owó wá rí i pé bí apá bá tètè padà, owó á dín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ilé ẹ̀rọ irú ti Zander. Ọ̀pọ̀ wọn ló rí ìwòsàn, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ń kùn pé owó ìtọ́jú àwọn ni wọ́n ń fún jáde níbẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ. Nọ́ńbà tí Zander kọ sára ọ̀pá nítorí kí ìyá arúgbó má baà gbé ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ ti di ẹ̀rí tí wọ́n ń tọ́ka sí: o gbé mẹ́fà lánàá, ìwọ náà ti yá, padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwa tí a ń kọ nọ́ńbà sínú fáìlì lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí a máa bi ara wa léèrè ta ni yóò kà á.

Láti ojú ogun dé Igbóbì

Ogun Àgbáyé Kìíní kó irú ènìyàn kan wá tí ilé ìtọ́jú ìgbàfẹ́ kò bá pàdé rí: ọ̀dọ́kùnrin lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, tí ìbọn ti tú oríkèé wọn ká. Ní Paris, wọ́n sọ Grand Palais, ilé àfihàn ọnà, di ilé ìwòsàn ológun, wọ́n sì kó ẹ̀rọ ìdárayá síbẹ̀. Ní Heaton Park ní Manchester, Robert Tait McKenzie, dókítà ọmọ Kánádà tó tún ń gbẹ́ ère, ń tún àwọn ọmọ ogun ṣe. Ẹ̀rọ Zander wọ́n, ó sì tóbi. McKenzie ṣe tirẹ̀ ní kékeré, tó rọrùn, tí káfíńtà lè kàn. Ó kọ ìrírí rẹ̀ sínú ìwé kan tó jáde ní 1918, Reclaiming the Maimed. Mo gbóríyìn fún un torí ó mú ọgbọ́n náà kúrò lábẹ́ òrùlé olówó.

Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ yìí nígbà ogun. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì mẹ́rin ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti 1894, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ibi ń fi orúkọ ìfọwọ́ra bojú, kí ayé lè mọ ẹni tó kọ́ṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí kò kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ yẹn ló wá di ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ fisiotẹ́rápì ilẹ̀ náà.

Ogun Hítílà ló gbé iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọmọ wa lọ sí Bọ́mà, àwọn tó padà kò padà bí wọ́n ti lọ. Ní 1945 ni ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì, ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn ológun tó fara pa, àwọn onímọ̀ fisiotẹ́rápì láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1966 Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dìgírì nínú fisiotẹ́rápì. Láti ìgbà náà ni a ti ń kọ́ tiwa fúnra wa. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ aláìsàn ṣì ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn baba tó ń to eegun. Eegun á jo, ṣùgbọ́n oríkèé á ti gan nínú pákó ọparun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A kò gbọdọ̀ bá wọn jà. Ká kọ́ wọn ní ìgbà tó yẹ kí wọ́n tú pákó náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá mi, kí n tó jókòó. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, apá òsì. Nígbà tí wọ́n dé ilé láti ilé ìwòsàn, a kò ní ẹ̀rọ kankan. Mo ra kẹ̀kẹ́ kékeré tí a fi ń fa omi kànga, mo so ó mọ́ àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn yàrá wọn, mo fa okùn kọjá lórí rẹ̀. Mo so agolo mílíìkì òfìfo mọ́ ìdí okùn kan, mo fi aṣọ di ìdí kejì mọ́ wọn lọ́wọ́. Iyanrìn wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ṣíbí ìjẹun kan wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, agolo òfìfo ni. Wọ́n fà á, kò mì. Wọ́n bú mi, wọ́n ní ṣé ọmọ ọwọ́ ni mo sọ àwọn dà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì agolo gbéra nílẹ̀ díẹ̀, mo bu ṣíbí iyanrìn kan sí i, mo sì kọ ọ́ sí ara ògiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì: ọ̀kan. Nígbà tí mo bu ìkejì sí i láìbi wọ́n, wọ́n ní kí n bù ú kúrò, mo bù ú kúrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wà lórí ọ̀kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo ń fọ abọ́ nílé ìdáná nígbà tí mo gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ ń dún. Wọ́n ti jí, wọ́n ti fi eyín àti ọwọ́ ọ̀tún di aṣọ mọ́ ọwọ́ òsì, wọ́n ń fà á fúnra wọn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò wò mí. Wọ́n fa agolo náà sókè, wọ́n dá a dúró sókè bí ẹni ń wọn nǹkan, wọ́n wá rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

“Ó ti fúyẹ́,” ni wọ́n wí. “Bu ṣíbí kan sí i.”